Owó Ìrànwọ́ Láti Kọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìtọ́jú Pàjáwìrì ní Ìgbèríko Amẹ́ríkà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ọmọ Yorùbá wà káàkiri àwọn ìlú kéékèèké Amẹ́ríkà, pàápàá àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí iṣẹ́ gbé débẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ áńbúláǹsì ìlú tí wọ́n ń gbé. Àwọn mìíràn wà nílé, wọ́n ń gbọ́ nípa owó yìí láti ọ̀dọ̀ ẹbí, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó kan àwọn náà. Ìbéèrè àwọn méjèèjì la kó jọ síbí.

Kí ni owó yìí, ta ló sì ń fún ni?

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ń fún ni. Òfin tó bí i ni wọ́n ń pè ní SIREN Act. Sẹ́nétọ̀ méjì ló gbé e wá, Dick Durbin láti Illinois àti Pat Roberts láti Kansas. Ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ìgbèríko wà nínú ìpínlẹ̀ tiwọn méjèèjì. Wọ́n fi òfin náà sínú òfin ńlá tó jẹ mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí ní December 20, 2018.

Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé inú òfin àgbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ áńbúláǹsì bọ́ sí. Oko ni púpọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń gbé. Bí katakata bá dojú dé lórí ẹni tó ń wà á, ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù lè jìnnà tó 60 máìlì.

SAMHSA ló ń pín owó náà. Àjọ yìí wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀, ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ àti ìlòkulò oògùn olóró sì ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó kan ohun tí ẹ máa kọ sínú ìwé ìtọrọ yín. Òfin ní kí owó tí ẹgbẹ́ kan yóò gbà má kọjá $200,000. Ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ ya owó sọ́tọ̀ fún un, mílíọ̀nù 5 dọ́là.

Ṣé ìjọba Amẹ́ríkà kì í sanwó oṣù fún àwọn tó ń bá áńbúláǹsì lọ ni? Kí ló dé tí wọ́n tún ń wá owó ìrànwọ́?

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ nìyí, ó sì yẹ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní dandan ni kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní áńbúláǹsì. Ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló kù sí, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò sì ka áńbúláǹsì mọ́ ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè bí wọ́n ṣe ka ọlọ́pàá mọ́ ọn. Nítorí náà, ní ìgbèríko, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Olùkọ́ ni ọ̀kan, àgbẹ̀ ni èkejì, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù epo ni ẹ̀kẹta. Bí ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ìbàdí wọn bá dún, wọ́n á fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, wọ́n á wakọ̀ lọ síbi tí áńbúláǹsì wà, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbéra. Bí èèyàn méjì kò bá yọjú, ọkọ̀ kò lè lọ. Ìlú kejì ni wọ́n á ké sí.

Ìwádìí kan tó jáde nínú JAMA Surgery, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣẹ́ abẹ, ní 2017 wo bí áńbúláǹsì ṣe ń yára dé sí. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 7 ni láti ìgbà tí wọ́n bá pè. Ní ìgbèríko, ó lé ní ìṣẹ́jú 14, nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ kan nínú ìpè 10 tó ń dúró tó ìdajì wákàtí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró, bí kò bá sí ẹni tó ń tẹ àyà rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 4 sí 6. Ẹ fúnra yín ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ìdí tí kò fi sí èèyàn ni owó ilé ẹ̀kọ́, ìrìn àjò, àti àkókò. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tí kò ní sanwó fún un ni wọ́n ní kó san owó ẹ̀kọ́, kó sì máa wakọ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní káúńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ ti wa) kejì lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Mélòó ló máa ṣe é? Ibẹ̀ gan-an ni owó yìí ti wúlò.

Ṣé bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn?

Ó burú ju báyìí lọ tẹ́lẹ̀. Ìròyìn tí National Academy of Sciences gbé jáde ní 1966 sọ pé ilé iṣẹ́ àwọn tó ń sìnkú ló ń ṣe nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ áńbúláǹsì ní Amẹ́ríkà. Ohun tó fà á kò ju pé ọkọ̀ ìsìnkú nìkan ló gùn tó láti gba ẹni tó dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wà á kò kọ́ ìtọ́jú tó yẹ. Ìròyìn yẹn ló ta àwọn aláṣẹ jí. Ní 1973 wọ́n ṣe òfin kan tó ń pín owó fún àwọn agbègbè láti dá ètò ìtọ́jú pàjáwìrì sílẹ̀. Àmọ́ ní 1981 wọ́n kó owó náà pọ̀ mọ́ owó ìlera mìíràn, wọ́n sì fi í lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n ná an bó ṣe wù wọ́n. Láti ìgbà yẹn, ìlú tí owó orí ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ kéré ló ń jìyà jù.

Ta ló lè tọrọ owó náà?

Ẹgbẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ áńbúláǹsì ní ìgbèríko, tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, tàbí ti àwọn ẹ̀yà Íńdíà Amẹ́ríkà tí wọ́n ní ìjọba tiwọn, tàbí tó jẹ́ àjọ tí kì í ṣe fún èrè. Kò sí ìyàtọ̀ bóyá abẹ́ ilé iṣẹ́ panápaná ni ẹgbẹ́ náà wà tàbí ó dá dúró. Ilé iṣẹ́ áńbúláǹsì tí ẹnì kan dá sílẹ̀ láti fi jèrè kò sí nínú rẹ̀.

Ṣé èmi fúnra mi lè tọrọ kí n fi san owó ilé ẹ̀kọ́ mi?

Rárá. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń fún. Lọ bá ọ̀gá áńbúláǹsì ìlú rẹ, kó o ní o fẹ́ kọ́ṣẹ́, kó o sì béèrè bóyá wọ́n ti tọrọ rí.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìlú wa jẹ́ ìgbèríko lójú òfin?

Òfin náà gba àgbègbè tí kò sí nínú àgbègbè ìlú ńlá tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀, ó gba ibi tí òfin ìpínlẹ̀ pè ní ìgbèríko, ó sì gba apá tó jẹ́ oko nínú káúńtì tí ìlú ńlá wà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ti sọ̀rètí nù pé káúńtì àwọn ní ìlú ńlá nínú, láìmọ̀ pé apá ibi tí wọ́n wà ṣì kún ojú ìwọ̀n. HRSA, àjọ ìlera ìjọba àpapọ̀ mìíràn, ní ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè tẹ àdírẹ́sì yín sí, á sì sọ fún yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ èsì rẹ̀ sórí ìwé kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Kí la lè fi owó náà ṣe?

Ẹ lè fi san owó ẹ̀kọ́ àti owó ìdánwò àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tuntun, àti ti àwọn tó fẹ́ tún ìwé ẹ̀rí wọn ṣe kó má bàa kú. Ẹ lè fi gbé olùkọ́ wá sí ìlú yín dípò kí gbogbo èèyàn máa wakọ̀ lọ síbòmíràn, tàbí kí ẹ fi ṣètò ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè fi wá èèyàn tuntun, kí ẹ sì fi di àwọn tó wà mú. Òfin tún fàyè gba irinṣẹ́ ìtọ́jú àti ohun ìdáàbòbò bí ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú.

Nítorí pé SAMHSA ló ni owó náà lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ nípa àwọn tó ń lo oògùn olóró àti àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ètò yín. Kí ẹnikẹ́ni má ka èyí sí ẹrù afikún. Fentanyl, oògùn olóró tó lágbára gan-an, ti wọ ìgbèríko. Ẹni tó lò ó kọjá ààlà kì í mí dáadáa mọ́. Ètè rẹ̀ á dúdú, dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ á kéré bí orí abẹ́rẹ́, kò ní gbọ́ bí ẹ bá pè é. Naloxone tí wọ́n ń fín sí imú lè dá èémí rẹ̀ padà. Láti 2023 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni máa rà á láìsí ìwé dókítà. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa ló mọ̀ pé agbára naloxone lè tán kí ti fentanyl tó tán, pé kò yẹ kí wọ́n fi ẹni náà sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá jí. Ẹni náà lè bú wọn nígbà tó bá lajú. Ẹ̀kọ́ ló ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ má bú u padà.

Ṣé a lè fi ra áńbúláǹsì?

Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni èyí. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ lẹ nílò, ẹ wo ètò Community Facilities ti ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ Amẹ́ríkà, tàbí ètò FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àjálù, tó ń ran àwọn panápaná lọ́wọ́, tó máa ń ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ áńbúláǹsì tó dá dúró.

Mo tún fẹ́ sọ ọ́ gbangba: ẹ má ṣe fi ọkọ̀ ṣáájú èèyàn. Ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ràn ọkọ̀ tuntun nítorí wọ́n lè ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò rí ẹni méjì tó kọ́ṣẹ́ láti bá a lọ kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Wọ́n ní àwa náà gbọ́dọ̀ mú owó wá. Mélòó ni?

Ìdá 10 nínú 100 owó tí wọ́n bá fún yín. Bí ẹ bá gba $150,000, ẹ̀yin á wá $15,000. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ owó ìjọba àpapọ̀ mìíràn. Ó lè ti ọ̀dọ̀ káúńtì wá, tàbí ilé ìwòsàn, tàbí ìjọ, tàbí àwọn oníṣòwò ìlú.

Ẹgbẹ́ kékeré máa ń fòyà níbí, kò sì yẹ. Òfin owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ máa ń fàyè gbà kí ẹ ka ohun tí kì í ṣe owó mọ́ ọn: wákàtí tí dókítà kan fi kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́, gbọ̀ngàn tí ṣọ́ọ̀ṣì yá yín, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá lè fi ẹ̀rí hàn pé iye báyìí ló tọ́ sí i lọ́jà. Ẹ ka ìkéde ọdún yẹn kí ẹ rí ohun tí wọ́n gbà, kí ẹ sì máa kọ wákàtí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Wákàtí tí wọ́n rántí kọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kì í dúró níwájú àwọn ayẹ̀wé-owó-wò.

Irú ẹ̀kọ́ wo ló wà, báwo ló sì ṣe gùn tó?

Ìpele mẹ́rin. EMR ló kéré jù, nǹkan bí wákàtí 50 sí 60. Ẹni tó kọ́ ọ lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó lè tẹ àyà, ó sì lè lo ẹ̀rọ tó ń fi iná tún ọkàn ṣe. EMT ló tẹ̀ lé e, wákàtí 150 sí 200. Òun ni òpómúléró iṣẹ́ náà ní ìgbèríko. AEMT lè fi omi sí iṣan aláìsàn, ó sì lè fún un ní oògùn díẹ̀ sí i. Paramedic ló ga jù, wákàtí tó lé ní 1,000, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì ń béèrè fún 1,200 sí 1,800. Ìpínlẹ̀ ló ń fún ni ní ìwé àṣẹ, púpọ̀ nínú wọn sì ń lo ìdánwò National Registry, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìlú tí kò ní ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ láti ìpele paramedic. Ẹ kọ́ EMR mẹ́wàá, kí ẹ sọ márùn-ún nínú wọn di EMT. Ẹni tó ń gbé ní máìlì méjì sí aláìsàn, tó lè tẹ àyà, wúlò ju paramedic tó wà ní 40 máìlì lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Ẹni tí kò kàwé púpọ̀ ńkọ́?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pittsburgh. Ìlú ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ìgbèríko. Ní 1967 ni wọ́n dá Freedom House Ambulance sílẹ̀ ní Hill District, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú tí áńbúláǹsì tòótọ́ kì í dé. Ọlọ́pàá ló máa ń ju aláìsàn sẹ́yìn ọkọ̀ wọn. Dókítà Peter Safar, tó wà lára àwọn tó fi ọ̀nà títẹ àyà àti mímí sẹ́nu lélẹ̀, ṣe ẹ̀kọ́ tó tó nǹkan bí wákàtí 300 fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà. Àwọn kan nínú wọn kò parí ilé ẹ̀kọ́ gírámà, àwọn kan kò ríṣẹ́ ṣe rí. Wọ́n di ọ̀kan lára àwọn paramedic àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, Dókítà Nancy Caroline tó darí wọn lẹ́yìn náà ló sì kọ ètò ẹ̀kọ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè lò. Ìlú Pittsburgh gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn ní 1975.

Ẹni tó mọ àdúgbò, tí àdúgbò sì mọ̀, ni kí ẹ wá. Ìwé ṣeé kọ́.

Kí la gbọ́dọ̀ ṣe kí ọjọ́ ìtọrọ tó pé?

Ẹ forúkọ sílẹ̀ lónìí lórí SAM.gov, ojúlé tí àwọn tó fẹ́ gba owó ìjọba àpapọ̀ ti ń forúkọ sílẹ̀, kódà bí ìkéde kò bá tíì jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti fún yín ní UEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ní àmì 12. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà, ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí Grants.gov àti eRA Commons, àwọn ojúlé tí wọ́n ń lò fún ìwé ìtọrọ. Ẹgbẹ́ tó kọ ìwé tó dára tí kò sì rí i fi ránṣẹ́ nítorí pé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ti kú, ó ń bani nínú jẹ́ gan-an.

Báwo la ṣe lè kọ ìwé ìtọrọ tó máa wọ àwọn tó ń kà á lọ́kàn?

Ẹ má kọ pé "ìlú wa nílò ìrànwọ́." Gbogbo ẹni tó kọ̀wé ló nílò rẹ̀. Ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìpè yín. Ìpè mélòó lẹ gbà lọ́dún tó kọjá? Mélòó ni ẹ kò rí èèyàn rán sí? Irú wákàtí wo ni kì í sí èèyàn? Ẹ ó rí i pé ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ló máa ń burú jù, nígbà tí àwọn olùyọ̀ǹda wà níbi iṣẹ́ wọn. Ẹ wo ọjọ́ orí wọn náà: bí ìdajì wọn bá ti lé ní 60 ọdún, ẹ kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ní káúńtì kan ní EMT mẹ́sàn-án, tí mẹ́ta nínú wọn yóò fẹ̀yìn tì láàárín ọdún méjì. Ìwé tó dára á sọ pé: a ó kọ́ méjìlá, a mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò yege, a ń retí mẹ́jọ, mẹ́rin nínú wọn á jẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú lọ́sàn-án, ọ̀gá wọn sì ti fọwọ́ sí i pé wọ́n lè jáde bí ìpè bá dé. Lẹ́tà àwọn ọ̀gá yẹn á wà nínú ìwé náà. Ẹni tó ń kà á máa rí i pé ẹ ti ronú jinlẹ̀, àti pé ìlérí yín kò kọjá agbára yín.

Bí wọ́n bá kọ́ṣẹ́ tán tí wọ́n sì sá lọ sí ìlú ńlá ńkọ́?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ lè bá wọn ṣe àdéhùn pé kí wọ́n sin ìlú fún ọdún kan tàbí méjì. Àmọ́ ìwé àdéhùn kò lè dá ẹni tó ti rẹ̀ dúró. Ohun tó ń lé púpọ̀ lọ ni pé wọ́n rí ikú ọmọdé ní òru, wọ́n lọ síbi iṣẹ́ wọn láàárọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè bó ṣe rí. Ní ìlú kékeré, ó ṣeé ṣe kí wọ́n mọ ọmọ náà. Ẹ fi owó sílẹ̀ fún ẹni tó máa bá wọn jókòó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ òṣìṣẹ́ kò ṣàjèjì sí SAMHSA.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún wa, kí ló kù?

Ìjábọ̀. Iye ẹni tẹ́ ẹ kọ́, iye ẹni tó yege, bí ẹ ṣe ná owó. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìjábọ̀ owó ìkẹyìn.

Nàìjíríà ni àjọ wa wà. Ṣé a lè tọrọ owó yìí?

Ẹ kò lè tọrọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á bá yín gbà á, tó sì ń béèrè owó fọ́ọ̀mù, gbájú-ẹ̀ ni.

Ohun tó wà fún yín nílé yàtọ̀. Òfin ètò ìlera Nàìjíríà ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó àpapọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera ìpilẹ̀, kí ìdá 5 nínú 100 owó yẹn sì lọ sí ìtọ́jú pàjáwìrì. NEMSAS ni ètò tó ń bójú tó o. Òfin kan náà ní kí ilé ìwòsàn má ṣe lé ẹni tó wà nínú ewu ẹ̀mí padà fún ìdí kankan. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ yín ibi tí wọ́n bá ètò náà dé, kí ẹ sì béèrè iye tó ń lọ sí kíkọ́ èèyàn.

Kí la lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní abúlé wa láìdúró de ìjọba?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn awakọ̀ àti ọlọ́kadà, torí àwọn ló ń gbé aláìsàn ní tiwa. Ní Ghana, wọ́n kọ́ awakọ̀ èrò 335 ní ìtọ́jú ìpilẹ̀ fún wákàtí 6 péré, ìwádìí tó jáde ní 2002 sì fi hàn pé ìtọ́jú tí wọ́n ń fún àwọn tó farapa lójú títì dára sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ìpínlẹ̀ Òndó, ètò Abiyẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọrẹ̀ ní 2009 fún àwọn aláboyún ní fóònù, ó sì yan òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò máa bẹ̀ wọ́n wò nílé, kí ẹni tó ń rọbí má bàa máa wá ẹni tí yóò pè lóru.

Fún àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera abúlé, WHO àti Red Cross àgbáyé gbé ẹ̀kọ́ Basic Emergency Care jáde ní 2018. Ọjọ́ márùn-ún ni, ìwé rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá dókítà kan tó mọ̀ ọ́n, ẹ bá alága àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ mú ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe ń tẹ ojú ọgbẹ́ tó ń sẹ̀jẹ̀ láìṣí ọwọ́ wò, àti bí wọ́n ṣe ń yí ẹni tó dákú sí ẹ̀gbẹ́ kí èébì má bàa dí i lọ́fun.